Ikọ́ fée ọmọléèwé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù: ṣé èéfín ọkọ̀ ni, àbí ògiri tó rin?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í tán lórí WhatsApp àwọn Yorùbá Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ẹnì kan á kọ́kọ́ ju àwòrán owó ULEZ sílẹ̀, ìyẹn owó tí ọkọ̀ àtijọ́ ń san nítorí èéfín, £12.50 fún ọjọ́ kan ṣoṣo, á ní ìjọba ti rí ibi jẹun. Ìyá ọlọ́mọ kan á dá a lóhùn pé kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti jókòó ti ọmọ mọ́jú ní ọsibítù, tí ọmọ ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Bàbá àgbà kan á ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ikọ́ fée (asthma) ti wà ní Ìjẹ̀bú kí mọ́tò tó débẹ̀, àjogúnbá ni. Ẹlòmíì á ní kí wọ́n yẹ ògiri ilé council, ìyẹn ilé ìjọba tí wọ́n ń háyà, wò ná kí wọ́n tó dé orí títì.

Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣi ara wọn gbọ́ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn, tí oníkálukú sì rò pé ọ̀kan náà ni. Kí ló fún ọmọ ní ikọ́ fée? Kí ló ń ta ikọ́ náà jí lọ́jọ́ tó bá dìde? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ àdúgbò kan ló ń gbé e dé ọsibítù ju àwọn ọmọ àdúgbò kejì lọ? Ìbéèrè kẹta yìí ló ń mú kí àwọn onímọ̀ máa ya máàpù, òun náà ló sì dá ìjà tó délé ẹjọ́ sílẹ̀.

Kí ló gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́?

Ọmọ ọdún 9 kan ni, Ella Adoo-Kissi-Debrah. Gánà ni ìdílé ìyá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, Lewisham ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń gbé, ilé wọn kò sì ju nǹkan bíi mítà 25 lọ sí South Circular. Ẹni tó bá ní ẹbí ní Woolwich tàbí Catford mọ ọ̀nà náà. A205 ni wọ́n ń pè é lórí ìwé, bí ọ̀nà ńlá, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, títì àdúgbò lásán ni: ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, tí bọ́ọ̀sì àti tírélà ń rá pálá láàárín wọn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ara Ella le koko títí di 2010, nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún 7. Àyà ló kọ́kọ́ dùn ún. Láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á sí ọsibítù nígbà 30. Ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013 ló kú.

Ìwádìí àkọ́kọ́ lórí ikú rẹ̀, ní 2014, ní ikọ́ fée tó le ló gba èémí lẹ́nu rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú kò sí nínú àbájáde náà rárá. Ìyá rẹ̀, Rosamund, tó jẹ́ tíṣà, kò gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ní 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen Holgate ti Yunifásítì Southampton ṣe ohun kan tí ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní kí ló wà níbẹ̀. Ó to ọjọ́ tí wọ́n gbé Ella dé ọsibítù sí apá kan. Ó to àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ní Catford, tí kò ju nǹkan bíi máìlì kan lọ sí ilé wọn, sí apá kejì. Bí ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ ṣe ń ga ni ọjọ́ ọsibítù ń bá a rìn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lemọ́lemọ́.

Iṣẹ́ yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé àbájáde 2014, ó ní kí wọ́n tún un wádìí. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Philip Barlow, tó jẹ́ kọ́rónà, ìyẹn òṣìṣẹ́ òfin tó ń wá ìdí ikú, kọ nǹkan mẹ́ta sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó pa Ella: èémí tó dá dúró, ikọ́ fée tó le, àti ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ tó ń fà símú. Kò sí ìwé ikú ẹnikẹ́ni ní Bìrìtìkó tí wọ́n ti kọ ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ sí ṣáájú ìgbà náà.

Ohun kan tún wà nínú ìdájọ́ yẹn tí àwọn èèyàn kì í sábà mẹ́nu bà. Barlow ní kò sẹ́ni tó sọ fún ìyá ọmọ náà pé afẹ́fẹ́ títì lè ṣe é ní jàǹbá, àti pé ká ní wọ́n sọ fún un ni, ó ṣeé ṣe kó gbé ìgbésẹ̀ tí ikú yẹn kò fi ní í ṣẹlẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ ń wọn afẹ́fẹ́ ní Catford lójoojúmọ́, ọsibítù ń kọ orúkọ Ella sílẹ̀ nígbà gbogbo, síbẹ̀ ìwé méjèèjì kò pàdé lórí tábìlì kan náà títí ọmọ fi kú. Ní oṣù Kẹrin 2021, Barlow kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n sọ òṣùwọ̀n àjọ ìlera àgbáyé, WHO, di òfin. Ní oṣù Kẹwàá 2024, ìjọba parí ẹjọ́ tí Rosamund pè, wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó fa ikọ́ fée àti ohun tó ta á jí, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Kì í ṣe ọ̀kan náà. Inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ tó ní ikọ́ fée máa ń bínú kíákíá. Bí nǹkan bá tọ́ ọ, iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká á fún, inú ọ̀nà náà á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dì mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ á wá máa gba ibi tó há kọjá, àyà á máa súfèé, fée, fée, bí orúkọ àìsàn náà gan-an ṣe wí. Kì í ràn. Ó yẹ ká wí i sójútáyé, nítorí àwọn kan ṣì ń dà á pọ̀ mọ́ ikọ́ ife (TB), wọ́n á sì máa fi ọmọ pamọ́ fún àlejò.

Bí ọmọ ṣe ń ní i lè ti ọ̀dọ̀ òbí wá, ó lè ti inú oyún wá bí ìyá bá ń fa èéfín sìgá símú, ó sì lè ti ara àìsàn àyà tó mú un ní kékeré. Ohun tó ń ta á jí pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀fìnkìn, eruku, òtútù, eré sísá, èéfín. Nítorí náà, bàbá àgbà tó ní àjogúnbá ni kò purọ́, ìyá tó ní èéfín ni kò purọ́. Ohun tó mú ìdájọ́ Ella lágbára ni pé Barlow kò dá wọn yà: ó ní ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ kópa nínú bí ikọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì kópa nínú bó ṣe ń dìde. Ìdájì àkọ́kọ́ gbólóhùn yẹn ni wọ́n ń jiyàn lé lórí jù, nítorí ọjọ́ tí ikọ́ dìde ṣeé tọ́ka sí lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í ta gbòǹgbò kò ṣeé tọ́ka sí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ikọ́ sórí máàpù?

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pe orúkọ rẹ̀ ní Táyé. Catford ni ilé wọn. Dulwich ni ilé-ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, ó wà lọ́dọ̀ màmá àgbà ní Peckham nígbà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, wọ́n sì pe ambulance. Níbo ni ẹ ó fàmì sí?

Bí ẹ bá gba ìwé àwọn ambulance, Peckham ni. Bí ẹ bá gba ìwé ọsibítù, àdírẹ́sì ilé ni wọ́n máa kọ, nítorí náà Catford ni. Bí ẹ bá gba rẹ́jísítà ilé-ìwé, kò sí nǹkan kan fún Sátidé, àmọ́ ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun á fi hàn pé Táyé kò wá, láìsọ ìdí. Ọmọ kan, àmì mẹ́ta. Ẹni tó ń ya máàpù gbọ́dọ̀ yan èyí tó fẹ́, ohun tó bá sì yàn ló máa pinnu ẹni tí wọ́n máa ká ọ̀ràn náà mọ́ lọ́wọ́: onílé ni, ilé-ìwé ni, tàbí àwọn tó ń bójú tó títì.

Lẹ́yìn àmì ni wọ́n á wá to nǹkan mìíràn lé e, bí ẹni to ọ̀rá tí a lè rí ẹ̀yìn rẹ̀ lérí ara wọn. Ọ̀rá kan á ní títì àti iye ọkọ̀ tó ń gbà á. Ọ̀kan á ní gáàsì nitrogen dioxide, èyí tó ń ti ẹnu sálẹ́ńsà jáde, pàápàá ti ọkọ̀ dísẹ́lì. Ọ̀kan á ní PM2.5, eruku tó kéré débi pé irun orí kan fẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po bí 30, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Ọ̀kan á ní òṣùwọ̀n ìṣẹ́. Ìjọba ti pín gbogbo ilẹ̀ England sí àgbègbè kéékèèké tí èèyàn inú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi 1,500, wọ́n sì ń fi owó tó ń wọlé, iṣẹ́, ilé gbígbé àti ìlera díwọ̀n èyí tí ìyà ń jẹ jù. Níbi tí àwọ̀ bá ti dúdú lórí ọ̀rá mẹ́rin papọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ọmọ kì í dúró sójú kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ King's College London fi fún nǹkan bíi 250 ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní báàgì tí ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ ní 2019, ní ilé-ìwé márùn-ún. Ọmọ á gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn láti ilé dé kíláàsì, á sì gbé e padà sílé. Ó hàn pé ìrìn àárọ̀ àti ìrìn ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ìgbà tí títì kún jù, ni wọ́n ti ń fa ìdọ̀tí símú jù, ju ìgbà tí wọ́n wà nínú kíláàsì lọ. Máàpù tó fi ilé-ìwé nìkan ṣe àmì kò lè rí ìyẹn. Ní Louisville, ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, ara inhaler gan-an ni wọ́n so ẹ̀rọ mọ́: bí aláìsàn bá ti fín in, ẹ̀rọ á kọ aago àti ibi tó wà sílẹ̀. Àmì yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ló sì ń dẹ́rù ba àwọn òbí jù, nítorí ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan mọ ibi tí ọmọ wọn wà ní aago kọ̀ọ̀kan tí kò bá lè mí.

Ìkìlọ̀ kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń tẹnu mọ́, tí àwọn tó ń pín máàpù kiri kì í sì í kà dé: àdúgbò kò ní ikọ́, ọmọ ló ní in. Pé àdúgbò kan pọ́n lórí máàpù kò sọ pé èéfín ló gbé ọmọ kan pàtó níbẹ̀ dé ọsibítù. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ilé rẹ̀ jìnnà sí títì tí ògiri yàrá rẹ̀ rin. Iṣẹ́ Holgate kò gba ọ̀nà yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo ló mú, ó sì fi ọjọ́ wé ọjọ́. Ìyẹn ni kọ́rónà fi lè gbà á wọlé.

Ṣé èéfín ọkọ̀ nìkan ni?

Ká ní òun nìkan ni, oṣù Kẹsàn-án kò ní í le tó bó ṣe le. Ọdọọdún ní England, bí ọmọ bá ti wọlé lẹ́yìn ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, iye àwọn tí ikọ́ fée ń gbé dé ọsibítù á fò sókè. Títì kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti oṣù tó kọjá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọgbọ̀n ọmọ tún ti wà nínú yàrá kan, tí wọ́n ń kó ọ̀fìnkìn ran ara wọn, àti pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbàgbé inhaler aláwọ̀ ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ inhaler yìí ò ṣeé fojú fò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Aláwọ̀ búlúù ń tú ọ̀nà èémí lójú ẹsẹ̀. Aláwọ̀ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, àmọ́ òun ló ń jẹ́ kí inú ọ̀nà náà rọlẹ̀ tí kò fi ní í máa wú, bí wọ́n bá ń lò ó lójoojúmọ́ àní nígbà tí ara dá. Nítorí pé búlúù ló ń fi iṣẹ́ hàn, òun ni èèyàn máa ń gbára lé. Ìwádìí gbogboogbò tí wọ́n ṣe lórí ikú ikọ́ fée ní Bìrìtìkó, tó jáde ní oṣù Karùn-ún 2014, yẹ ikú 195 wò. Nínú àwọn tí wọ́n ń kọ búlúù fún, 39% ló ti gba ju 12 lọ láàárín ọdún kan. Nǹkan bíi 45% ló kú láì tíì pe ẹnikẹ́ni fún ìrànlọ́wọ́, tàbí kí ìrànlọ́wọ́ tó dé. Àwọn tó ń sọ pé ìtọ́jú ni ìṣòro, kì í ṣe títì, ibí ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ wọn yọ.

Inú ilé wá ńkọ́? Mould, dúdú-dúdú tó máa ń hù sára ògiri tó bá rin, ń tú nǹkan kíkíní sínú afẹ́fẹ́ tí ọ̀nà èémí kò fẹ́. Ìgbẹ́ àti eepá aáyán ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kòkòrò kíkíní inú mátírẹ́ẹ̀sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ìdáná gáàsì gan-an ń tú nitrogen dioxide jáde, gáàsì kan náà tí à ń tìtorí rẹ̀ bú ọkọ̀ dísẹ́lì. Ẹni tó bá ti din ata ní oṣù Kejìlá ní ìyẹ̀wù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tí fèrèsé tì nítorí òtútù, tí gbogbo ilé ń sín, tí aṣọ tí wọ́n sá sórí ẹ̀rọ amúlémóoru ń rọ omi sínú afẹ́fẹ́, ti rí gbogbo rẹ̀ lójú kan.

Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìdájọ́ Ella, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 2020, ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní Rochdale. Ikọ́ fée kọ́ ló pa á, àmọ́ mould inú ilé tí wọ́n ń háyà ló ba èémí rẹ̀ jẹ́, bí kọ́rónà ṣe sọ ní 2022. Àwọn òbí rẹ̀ ti fẹjọ́ sun onílé títí. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tó fún àwọn onílé ìjọba ní gbèdéke ọjọ́ láti tún irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣe, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2025. Nítorí náà, ẹni tó ní kí wọ́n wo ògiri kò kàn ń wá ọ̀rọ̀ sọ.

Òṣì ni okùn tó so gbogbo èyí pọ̀, ohun tó sì mú máàpù ṣòro láti kà nìyẹn. Ilé tó wà létí títì ńlá ni kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Òun náà ló ń rin. Òbí tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò lè mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ní aago 10 àárọ̀. Ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró ń bẹ̀rù láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí wà ní àdúgbò kan náà, wọ́n sì pọ́n papọ̀ lórí máàpù. Láti yọ ọ̀kan nínú wọn kí a ní òun ni ọ̀daràn gba ìṣirò tó le, àti ìwé àkọsílẹ̀ tí kì í sábà sí.

Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń jà lórí ULEZ?

ULEZ ni owó tí ọkọ̀ tó ti dàgbà ń san kó tó lè rìn ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Lápapọ̀, ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ṣáájú 2006 àti ti dísẹ́lì tó ṣáájú oṣù Kẹsàn-án 2015 ni ọ̀rọ̀ kàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín ìlú ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2019. Ní oṣù Kẹwàá 2021, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé South Circular. Ẹ kíyè sí i: dé South Circular, títì náà gan-an kò sí nínú rẹ̀. Ààlà gba ojú títì tí Ella gbé létí rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tó dàgbà lè gba ibẹ̀ lófẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó tako o kò yàtọ̀ sí ti WhatsApp wa. Wọ́n ní tálákà ló ń gun ọkọ̀ àtijọ́. Ẹni tó ń tọ́jú àgbàlagbà láti ilé dé ilé ní òru, tí bọ́ọ̀sì kò sí, ni £12.50 máa dùn. £2,000 tí ìlú ń fún ẹni tó bá fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà, títí di 2024, kò ra ọkọ̀ tó dáa. Council mẹ́rin ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, pẹ̀lú ti Surrey, gbé Sadiq Khan tó jẹ́ olórí ìlú lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì pàdánù ní oṣù Keje 2023. Àwọn mìíràn fi ìmọ̀ jà: wọ́n ní táyà àti bíréèkì ń tú eruku jáde yálà ọkọ̀ tuntun ni tàbí ti àtijọ́, títí kan ọkọ̀ oníná.

Nọ́ńbà wá ńkọ́? Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ pọ̀ sí jù. Àwọn onímọ̀ Imperial College kọ ní 2021 pé ULEZ kò dín nitrogen dioxide kù tó 3% nígbà tó bẹ̀rẹ̀. City Hall, ìyẹn ọ́fíìsì olórí ìlú, ní tirẹ̀ ní ó fi 44% dín kù létí títì ní àárín ìlú. Wọ́n sì ń ju nọ́ńbà méjèèjì lura wọn bí òkò. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Imperial wo ọ̀sẹ̀ méjìlá tó yí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ká, láti mọ ohun tí ọjọ́ yẹn nìkan ṣe. City Hall bẹ̀rẹ̀ kíkà láti oṣù Kejì 2017, nígbà tí àwọn èèyàn ti gbọ́ pé owó ń bọ̀ tí wọ́n sì ti ń ta ọkọ̀ wọn, ó kà á dé oṣù Kìíní 2020. Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ìbéèrè wọn ni kò dọ́gba.

Fún ọmọléèwé, ẹ̀rí tó wà kò fi gbogbo ara gbe ẹnikẹ́ni. Ìwádìí kan lórí ọmọ 2,164 ní ilé-ìwé 28 ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó jáde ní 2018, rí i pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ tó ń mí afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí jù fi nǹkan bíi 5% kéré. Ó tún rí i pé òfin tó ṣáájú ULEZ, tó fojú sí ọkọ̀ ńlá, kò tíì tún ẹ̀dọ̀fóró wọn ṣe. Ìwádìí mìíràn, tó fi ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù wé ti Luton, ìlú tí kò sí ULEZ, sọ ní 2024 pé lẹ́yìn ULEZ, nínú àwọn ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ lọ sílé-ìwé tẹ́lẹ̀, nǹkan bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn, gun kẹ̀kẹ́ tàbí wọ bọ́ọ̀sì. Ní Luton, méjì nínú mẹ́wàá ni. Ohun tí òfin náà ṣe fún ikọ́ fée gan-an ṣì wà lọ́wọ́ àwọn olùwádìí.

Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìjà mìíràn tó dákẹ́ wà: ìjà òṣùwọ̀n. Òfin Bìrìtìkó gbà kí nitrogen dioxide dé 40 máíkírógíráàmù nínú cubic metre afẹ́fẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bí ìpíndọ́gba ọdún kan. WHO ní 10, láti 2021. Fún PM2.5, WHO ní 5. England ní òun máa dé 10 ní 2040. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí Ella kú á ti di ọmọ ọdún 27.

Kí ló kan Èkó àti Ìbàdàn níbẹ̀?

Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé gbé jáde sọ pé ní 2018, ìdọ̀tí afẹ́fẹ́ pa èèyàn bí 11,200 ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. PM2.5 tí wọ́n wọ̀n jẹ́ nǹkan bíi 68. Ẹ fi wé 5 ti WHO. Ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n tọ́ka sí. Ẹ wá fi ọyẹ́ kún un, àti igi ìdáná, àti òògùn ẹ̀fọn tí à ń tan sínú yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ìmọ̀ ikọ́ fée kì í ṣe tuntun nílé. Ìbàdàn wà lára àwọn ìlú tí ìwádìí àgbáyé lórí ikọ́ fée ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní ISAAC, ti ṣe iṣẹ́ láti àwọn ọdún 1990 síwájú. Ìwádìí tó kárí Nàìjíríà, tó jáde ní 2019, ní nǹkan bíi 6.4% ló ní i, ìyẹn bíi mílíọ̀nù 13 èèyàn. Ohun tí kò sí ni ọ̀rá tí a ń tò léra. Ọmọ tí ikọ́ mú ní Mushin lè dé ilé kẹ́mísí, ó lè dé orí òkè àdúrà, ó lè mu àgbo, kó sì yá, láìsí àmì kankan níbikíbi. Láti ìgbà tí GSK, ilé-iṣẹ́ òògùn tó ń ta inhaler, ti kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé òun ń kó kúrò ní Nàìjíríà, owó inhaler ti di ìlọ́po; ọ̀pọ̀ ilé ló ń fín èyí tó wà lọ́wọ́ wọn bíi pé wúrà ni. Ní England, láti oṣù Kẹwàá 2014, òfin gba ilé-ìwé láàyè láti ra inhaler búlúù pamọ́ fún pàjáwìrì láìsí ìwé dókítà fún ọmọ kan pàtó.

Mo mọ ilé-ìwé aládàáni kan ní Èkó tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn kíláàsì Primary Two. Páìpù èéfín rẹ̀ kọjú sí fèrèsé, gíláàsì tó wà nísàlẹ̀ sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Àǹtí tó ń tọ́jú aláìsàn ní ìwé kan, ó ń kọ orúkọ, kíláàsì, ọjọ́ àti ohun tó fún ọmọ: paracetamol, omi gbígbóná, "a pe mọ́mì rẹ̀". Mo ṣí i wò. Primary Two pọ̀ nínú rẹ̀. Kò sí ibi tó kọ aago sí, kò sì sí ibi tó kọ bóyá iná NEPA wà lọ́jọ́ náà tàbí kò sí.